Bí Ẹ Bá Pààrọ̀ Mítà Ọkọ̀, Ẹ Má Sọ Iye Ìrìn Rẹ̀ Nù

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, mo mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń gbọ́ wa, nítorí náà ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dúró níbì kan, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ ń sáré o, ẹ wo ojú mítà tó wà níwájú yín. Nọ́ḿbà kan wà níbẹ̀ tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní máíléèjì, ìyẹn iye ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn láti ọjọ́ tó ti jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Eélòó ló wà níbẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní, "Mítà tèmi ti kú tipẹ́." Ẹlòmíràn á ní, "Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́líjọ́ọ̀mù, ìyẹn àlòkù, ni mo lọ rà ní ọjà Ládìpọ̀." Ẹ̀yin méjèèjì lọ̀rọ̀ tòní kàn jù.

Gbogbo ọwọ́ tó kù lójú mítà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ: bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí epo ṣe kù tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, gbogbo wọn á sùn. Máíléèjì nìkan ló ń sọ ohun tó ti kọjá. Ọkọ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé, "Ọjọ́ orí mi ti tó báyìí o, ẹ rọra lò mí." Nọ́ḿbà yẹn ló ń bá a sọ ọ́. Ọkọ̀ ló ni nọ́ḿbà náà. Mítà kàn bá a gbé e dání ni. Bí mítà bá bàjẹ́ tí a sì fẹ́ gbé òmíràn sí i, nọ́ḿbà yẹn gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ lọ, kò gbọdọ̀ bá mítà àtijọ́ lọ sí ààtàn.

Owó ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Mo ra Honda Accord kan nígbà kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, ẹlẹ́ńjìnnì V6. Amẹ́ríkà ló ti wá, máìlì ló sì ń kà. Ó ti rin 98,000 máìlì nígbà tí ojú mítà rẹ̀ ṣókùnkùn. Rẹwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, bá mi wá bẹ́líjọ́ọ̀mù, ó gbé e sí i, gbogbo iná tàn, ọwọ́ epo dìde. Nọ́ḿbà tó bá mítà náà wá jẹ́ 61,000. Inú mi dùn, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀dọ́. N kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan wà nínú ẹ́ńjìnnì V6 yẹn, táímìn bẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Honda sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 105,000 máìlì tàbí bó bá pé ọdún méje. Lójú mítà tèmi, ọ̀nà ṣì jìn. Ó kù díẹ̀ kí n dé Ìtóìkín lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kàn dákẹ́ lójijì. Mítà ń ka 83,000. Iye tí ọkọ̀ rìn ní tòótọ́ jẹ́ 120,000. Bẹ́ẹ̀tì ti já, àwọn fáfù ti lu písítìnnì, wọ́n ti tẹ̀. Owó tí mo fi tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe, n kò fẹ́ rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì tuntun kò ná mi ní ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Rẹwáyà kò purọ́ fún mi, èmi náà kò ní i lọ́kàn láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Nọ́ḿbà ló sọnù láàárín àwa méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí nọ́ḿbà yìí ń gbé, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin àgbà á rántí Pijó 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò níbí ní Ọ̀jọ́. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìgbà yẹn, wáyà gígùn kan ló ń ti ara gíà, tàbí ti táyà iwájú bíi ti ìjàpá, wá sí ẹ̀yìn mítà. Bí táyà ṣe ń yí ni wáyà ń yí nínú rọ́bà rẹ̀. Níbi tó parí sí, mágínẹ́ẹ̀tì kan ń yí, òun ló ń fa ọwọ́ ìsáré sókè. Otto Schulze ará Jámánì ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1902. Wáyà kan náà ló ń yí àwọn àgbá kéékèèké tí a kọ òdo dé mẹ́sàn-án sí lára. Mítà tó bá ní àgbá márùn-ún, bó bá ti ka 99,999 tán, òdo ló ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ àtijọ́ tó ń ka 34,000 fi lè jẹ́ 134,000. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ irú mítà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò le: yóò tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò fi ọwọ́ yí àwọn àgbá títí wọn yóò fi bá iye tí ti àtijọ́ kà mu, kó tó dè é padà.

Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń wà nísinsìnyí kò ní wáyà yẹn mọ́. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára gíà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń fi àmì iná ránṣẹ́ bí nǹkan ṣe ń yí. Kọ̀ǹpútà kékeré inú mítà ń ka àmì wọ̀nyí, ó ń sọ wọ́n di máìlì tàbí kìlómítà, ó sì ń kọ àròpọ̀ rẹ̀ sínú ṣíìpù kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ṣíìpù yẹn kò nílò bátìrì kó tó rántí. Ẹ yọ bátìrì fún ọdún kan, nọ́ḿbà wà níbẹ̀. Kódà bí ojú mítà bá ṣókùnkùn biribiri, tí gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kú, nọ́ḿbà sábà máa ń wà láàyè nínú ṣíìpù. Ojú ló fọ́, iyè rẹ̀ kò rá. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó kún àdúgbò wa, bíi Camry Big Daddy àti Corolla, inú bọ́ọ̀dù mítà fúnra rẹ̀ ni ṣíìpù yìí wà. Bí rẹwáyà yín bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ṣíìpù ni yóò ti rí àkọlé tó ní 93C tàbí 24C, yóò sì mọ̀ pé òun nìyí.

Àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. BMW ń tọ́jú iye ìrìn síbi tó ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá gbé mítà mìíràn sí i tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ara wọn mu, àmì kékeré kan á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà láti jẹ́rìí pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Nínú ọ̀pọ̀ Volkswagen, inú mítà náà ni ààbò kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ gbé mítà ọkọ̀ mìíràn sí i láìjẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dá a mọ̀, ẹ́ńjìnnì á jí, kò ní pé ìṣẹ́jú àáyá méjì, á kú. Mo ti rí ẹni tó wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta, tí wọ́n ń tú pọ́ǹpù epo, nígbà tó jẹ́ mítà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀.

Ṣé ẹ wá rí i pé kí a tó sọ pé ká pààrọ̀ mítà, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mítà ló ṣàìsàn? Bí ọwọ́ ìsáré àti máíléèjì nìkan bá dúró, tí ọwọ́ epo àti ti ooru ń ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo fíúùsì, ẹ wo wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀, ẹ wò ó bóyá iná tó ń ti jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ jáde ti pọ̀ jù. Ọ̀nà tiwa náà kì í ṣàánú mítà. Kòtò àti gálọ́ọ̀pù á máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lójoojúmọ́ títí òjé tí wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù yóò fi là. Àwa tí a sì wà létí ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí bàbà inú bọ́ọ̀dù sinmi. Òjé tó là, a lè tún un fi sí i. Iná tó kú, a lè pààrọ̀ òun nìkan. Mítà tí a tún ṣe kò sọ nọ́ḿbà nù, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fẹ́ ká tún un ṣe ká tó ronú bẹ́líjọ́ọ̀mù.

Ohun kan tún wà táwọn onítáksì máa ń bá pàdé. Àwọn Corolla kan tí wọ́n ṣe láti 2003 dé 2008, tó ń ka máìlì, nọ́ḿbà wọn máa ń dúró gbọnyin ní 299,999. Kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró síbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé kà.

Ká ní mítà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe wàyí. Kí rẹwáyà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi fóònù ya nọ́ḿbà àtijọ́. Bí ojú mítà bá ti ṣókùnkùn, ẹ wá ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn. Mítà tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu ní ọdún, ní ẹ́ńjìnnì, ní irú gíà, ó sì gbọ́dọ̀ máa ka ohun tí ti àtijọ́ ń kà. Kí wọ́n yọ orí bátìrì, kí wọ́n sì mú sùúrù díẹ̀ nítorí áábáàgì tó wà nínú sítíárììnì. Toyota sọ nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan apá ibẹ̀ dúró fún ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ṣíìpù. Oníṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lè yọ ṣíìpù àtijọ́ kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun, tàbí kó fi ẹ̀rọ ka ohun tó wà nínú ti àtijọ́ kó sì kọ ọ́ sínú ti tuntun. Ẹ jókòó tì í. Nígbà tó bá tan mítà tuntun, nọ́ḿbà àtijọ́ ni kó kọ́kọ́ yọjú sí yín. Ẹ má sì ju mítà àtijọ́ nù. Ẹ tì í sínú búùtù fún oṣù mélòó kan.

Ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ḿbà yìí, ẹ̀rọ kan náà ni àwọn kan fi ń dín in kù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú ọkọ̀ tó ti rin 180,000 wá, tó ní kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di 80,000 kí òun lè rí i tà, olè ló ń jà, ẹni tó bá a ṣe é náà sì bá a pín nínú rẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ilẹ̀ wa, èyí tí àjọ FCCPC ń lò láti 2019, kò fàyè gba kí a fi irọ́ ta ọjà fún èèyàn.

Nǹkan kan wà tó máa ń da olóòótọ́ pàápàá láàmú, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá mi lọ sí. Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà. Èyí tó wá láti Bẹ́líjọ́ọ̀mù tàbí Jámánì, kìlómítà ni. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609. Ká ní Camry yín ti rin 120,000 máìlì, rẹwáyà wá bá yín rí mítà oní-kìlómítà, ó sì fi òtítọ́ inú kọ 120,000 sínú rẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n 120,000 máìlì jẹ́ kìlómítà 193,121. Ọkọ̀ yín ti pàdánù ìrìn tó lé ní 73,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan, láìsí ẹni tó gbèrò ibi. Nítorí náà kí ẹ tó kọ nọ́ḿbà kankan, ẹ bèèrè pé: máìlì ni tàbí kìlómítà?

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ọ̀nà wa yìí tó fún ìdánwò. Láti Ìkòròdú gba Ìtóìkín dé Ẹ̀pẹ́ lé ní 50 kìlómítà. Ẹ kọ nọ́ḿbà sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí máàpù orí fóònù ka tirẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa mójú tó o. Bí fóònù bá ka 53 tí mítà sì gòkè pẹ̀lú 53 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, kìlómítà ni, ó sì ń kà dáadáa. Bó bá gòkè pẹ̀lú 33, máìlì ni. Bó bá jẹ́ 41 tàbí 60, ẹ padà sọ́dọ̀ rẹwáyà, torí mítà yẹn kì í ṣe ti irú ọkọ̀ yín, tàbí kó jẹ́ pé táyà tí ẹ fi sí i ti tóbi tàbí kéré ju bó ṣe yẹ.

Ǹjẹ́ bí kò bá wá sí bí a ṣe lè gbé nọ́ḿbà náà kọjá ńkọ́? Òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà lórí máíléèjì, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà láti 1972, ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó ní bí a bá tún mítà ṣe tàbí tí a pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ḿbà gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a dá mítà tuntun padà sí òdo, kí a sì lẹ ìwé mọ́ férémù ilẹ̀kùn apá òsì, tí yóò sọ iye tí ọkọ̀ ti rìn kí a tó ṣiṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí a ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo férémù rẹ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí tí àpá ibi tí wọ́n ti ṣí i kúrò wà, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ẹ lè ti rí nọ́ḿbà ṣáàsì, lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17, tí ẹ lè fi wádìí ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NHTSA, ti fojú bù ú pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún níbẹ̀ pẹ̀lú máíléèjì irọ́. A kò sì lè sọ pé kò sí ìkankan nínú wọn tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can.

Bẹ́líjọ́ọ̀mù, orílẹ̀-èdè tí orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ gbogbo àlòkù lẹ́nu wa, ti rí nǹkan ṣe sí máíléèjì irọ́. Láti ìparí ọdún 2006, ẹni tó bá fẹ́ ta àlòkù ọkọ̀ fún ẹlòmíràn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Car-Pass, tó kó iye ìrìn ọkọ̀ náà jọ láti gbogbo ibi tí wọ́n ti tún un ṣe. Ní ìlú Ọba, wọ́n ń kọ máíléèjì sílẹ̀ nígbà àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ nọ́ḿbà ọkọ̀ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé yẹn jáde kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwa náà lè ṣe tiwa láìdúró de ìjọba. Kò gbà ju bébà, báírò àti sẹ́lótéèpù lọ. Ká ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ mítà ló ṣẹlẹ̀ sí yín, tí ti àtijọ́ ka 98,000, tí tuntun ka 61,000, tí kò sì sí ẹni tó lè kọ ọ́ sínú ṣíìpù. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 37,000. Ẹ kọ ọ́ báyìí pé: "A pààrọ̀ mítà lọ́jọ́ báyìí. Àtijọ́ ka 98,000 máìlì. Tuntun ka 61,000. Ẹ fi 37,000 kún ohunkóhun tí ẹ bá rí." Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ẹ sì tún un kọ sẹ́yìn ìwé ọkọ̀. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bí ojú mítà bá ti ka 68,000, tó jẹ́ 105,000 ní tòótọ́, ni ǹ bá ti wá bẹ́ẹ̀tì lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ fi ìwé yẹn han ẹni tó fẹ́ rà á kó tó bèèrè.

Ẹ̀yin awakọ̀ kórópe àti dáńfó tí mítà yín ti kú pátápátá, tí owó àtúnṣe kò tíì sí, ẹ má ṣe máa pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú àfojúbù. Ẹni tó bá ń ná Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ní àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ti rìn ju 200 kìlómítà lọ. Kò ní pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí yóò fi rin 5,000, ọ́ìlì ti tó pààrọ̀ nìyẹn. Ẹ fa ìlà kan sínú ìwé fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣe sí gbèsè.

Àkókò wa ti ń lọ. Ẹ̀yin tí mítà yín ṣì ń ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ tó bá kú. Ní alẹ́ òní, bí ẹ bá ti dé ilé, kí ẹ tó pa kọ́kọ́rọ́, ẹ ka nọ́ḿbà náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ òní, kí ẹ sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ bóyá máìlì ni tàbí kìlómítà.